Ófáhọ́ọ̀lù ẹ́ńjìnnì: ẹ fi àtúnbí sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àríyànjiyàn o. Bùrọ̀dá tó fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì MGB ẹ̀, mọ́tò òyìnbó àtijọ́ kan, nínú kọ́ńpáùn nílé ní Sùúrùlérè ló béèrè ohun tá a máa pe ófáhọ́ọ̀lù, ìyẹn kéèyàn tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kó tún un ṣe, ní Yorùbá. Ẹnì kan ní “àtúnbí”, ẹnì kan ní “àtúnkọ́”, àǹtí kan wá ní ká kúkú pe písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ní ọmọ odó, lọ̀rọ̀ bá di ẹ̀rín.

Àtúnbí, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín jàre. Àtúnkọ́ náà, ṣé ilé ni? Ẹ bá mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Mushin sọ̀rọ̀, ohun tó máa sọ ni pé àwọn ti sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn ti tú u, ó ku káwọn tò ó. Sísọkalẹ̀ yẹn nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, torí Volkswagen ìjàpá ló bá mu: bóótì mẹ́rin ló dì í mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ tú u, ẹ jáàkì ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, abẹ́ ló ń gbà jáde. Porsche 911 àtijọ́ náà, abẹ́ ni. Ṣùgbọ́n MGB, òkè ló ń gbà, ẹ máa yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ rédíétọ̀, kẹ́ ẹ tó fi séènì gbé òun àti gíábọ́ọ̀sì pọ̀, iwájú á gbókè ìdí á wálẹ̀ kó tó yọ, ẹ ṣì fẹ́ pe ìyẹn ní sísọkalẹ̀? Èkó á ṣì pè é bẹ́ẹ̀ ṣá.

Tèmi ni pé iṣẹ́ méjì la ń dà pọ̀. Kéèyàn tú u, kó fọ̀ ọ́, kó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, kó tò ó padà, tú-tò lèyí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ófáhọ́ọ̀lù gidi, ẹ máa wọn nǹkan. 80.26 mm ni fífẹ̀ sílíńdà MGB, ihò tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀, látilé iṣẹ́, tó bá ti jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ríìnì tó yí písítìn ká ò ní lè dí i mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa mu ọ́ìlì, á máa rú èéfín búlúù, àfi kẹ́ ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lọ ríbọ̀, kí wọ́n gbẹ́ ihò ẹ̀ fẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá ki písítìn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bọ̀ ọ́, kíránkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, náà á lọ fún gíráńdì kí wọ́n lọ̀ ọ́, bíárìn tó nípọn sí i á wọlé. Ohun tẹ́ ẹ yọ kọ́ lẹ dá padà mọ́. Ìsọdọ̀tun ni mo máa pe ìyẹn. (Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sàmì sí kọ́ńrọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, irin tó so písítìn mọ́ kíránkì, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, kálukú ló ní sílíńdà tiẹ̀.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi àǹtí yẹn ṣẹ̀fẹ̀, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé pistone tí àwọn Ítálì ń pè é, tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó tó fi di písítìn, ọmọ odó ńlá náà ni, inú gígún nǹkan ni wọ́n ti fà á yọ? Ẹnì kan ní odó ní ìdí, sílíńdà lu já lókè nílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tọ́pù tí wọ́n dé e lórí yẹn ńkọ́? Ọmọrí ni! Gásíkẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín wọn. Ọmọ odó àti ọmọrí, mo fọwọ́ sí méjèèjì.

Kíránkì ló kù. Ẹni tó bá ní orúkọ kó mú u wá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ “ọ̀pá ayíbírí”.