Ẹ̀rọ ilé wo ló ti dà yín láàmú rí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣètò ojú áàpù fóònù, kẹ́ni tó bá ṣí i lè mọ ibi tó máa tẹ̀. Màmá mi ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó wọ̀ mí lára jù nídìí iṣẹ́ yìí, fìríìjì ni wọ́n sì fi kọ́ mi.

Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé ẹ̀fọ́ táwọn gbé sínú fìríìjì ń di yìnyín, bẹ́ẹ̀ wọn ò gbé e sí fírísà. Mo ní kí wọ́n dín òtútù ẹ̀ kù. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀fọ́ ti le bí òkúta, ẹyin ti là. Mo wo ibi tí wọ́n ti ń yí i: 7!

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n dín in kù? Mo yí i sókè kó lè móoru díẹ̀ ni."

Mo fẹ́ jiyàn, ni mo bá wo áyọ́ọ̀nù wọn, mo wo gáàsì wọn. Bó o bá ṣe yí ìyẹn sókè tó ló ṣe ń gbóná tó. Ti fìríìjì ni 7 ti jẹ́ ibi tó tutù jù, kò sì sí ohun tó sọ bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀, 1 sí 7 lásán ni. Màmá mi ò ṣi nǹkan kan ṣe. Mo lẹ pílásítà méjì mọ́ ọn, mo kọ "tutù díẹ̀" sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1, "tutù gan-an" sẹ́gbẹ̀ẹ́ 7. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo yọ 1 sí 5 tí mo fi sójú áàpù kan, mo fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Gáàsì olójú mẹ́rin ni tèmi. Ojú iná jẹ́ méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, àmọ́ àwọn ohun tá a fi ń yí i tò gbọọrọ lórí ìlà kan. Èwo ló wá ni èwo? Kànìnkànìn onírin ti ha àwòrán tó wà níbẹ̀ dànù. Mo ṣáná sí ti iwájú, kò gbà, àfi bí òórùn gáàsì ṣe gba ilé ìdáná. Ti ẹ̀yìn ni mo ṣí! Àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn mi. Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rántí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Don Norman, ti kọ ọ́ síwèé láti 1988 pé tí wọ́n bá to ohun tá a ń yí bí wọ́n ṣe to ojú iná, a ò ní nílò àmì rárá. Kí ló dé tí wọn ò tíì gbọ́? Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni mo fi kun méjì tó jẹ́ ti ẹ̀yìn.

Bọ̀dá Jẹnẹrétọ̀:
Àwọn oníbàárà mi á gbé jẹnẹrétọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù pé ó ti kú. Táàpù epo ni wọn ò ṣí. Súìsì wà lọ́tọ̀, táàpù wà lábẹ́ táǹkì, ṣóòkù wà níbòmíràn, ẹni tí iná lọ mọ́ lójú lóru á sì máa wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú òkùnkùn. Àwọn kéékèèké kan ti wà báyìí tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lo máa yí. Bó bá ti kúrò níbi tá a ti ń pa á, epo ti ṣí nìyẹn. Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní irú ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń tan án.