Ìbọn kan fún coyote àti àgbọ̀nrín: kàtíríìjì wo ni kí n mú?

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí (Texas):
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin àgbà ọdẹ, àrìnpa o. Ẹ dákun ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti dàrú. Mo ní ilẹ̀ éékà 25 kan, ó fi bíi wákàtí kan ààbọ̀ jìn sí Houston, mo ń sin ewúrẹ́ níbẹ̀, wọ́n lé ní ogún díẹ̀. Àwọn coyote ò jẹ́ kí n gbádùn. Láàárín oṣù méjì wọ́n ti gbé ọmọ ewúrẹ́ mẹ́ta, èyí tí wọ́n gbé kẹ́yìn, agogo tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn nìkan ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ò mọ coyote, ẹ fojú inú wo ajá ilé wa, ẹ jẹ́ kó rù díẹ̀, kí ìrù ẹ̀ rí bí ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kó wá gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ. Kì í wúwo, ọgbọ̀n pọ́n-ùn báyìí, èyí tó bá tóbi dáadáa lè tó ogójì.

Àgbọ̀nrín náà máa ń gba ilẹ̀ yẹn kọjá láàárọ̀, tí November bá dé mo fẹ́ pa ọ̀kan fún ẹran ọdún. Owó ìbọn méjì ò sí, kó dẹ̀ wà pàápàá ìyàwó mi ò ní gbà kí méjì wọlé. Kàtíríìjì, ìyẹn ilé ọta tí wọ́n kó ẹ̀tù àti ọta sí, oríṣiríṣi ló wà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ẹni tó ń ta ìbọn ní 223 ni kí n mú, oníbàárà kan tó dúró tì wá ní 6.5 Creedmoor, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní 308 ni kí n rà kí n yéé da ara mi láàmú. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́rìnlá, fẹ́ máa bá mi lọ, kò sanra. Ibi tí mo ti ń rí àwọn ẹran yìí ò ju 150 yards lọ, tó bá pọ̀ pọ̀ 200. Green card wà, hunter education mo ti ṣe é. Kàtíríìjì wo?

Baba Ìbejì (Atlanta):
Ògún á gbè wá o. Àbúrò, 223 o jàre, kí lo tún ń rò? Ọta ẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, òun náà ló pọ́ọ́kú jù, kì í gbáni léjìká, ọmọ yẹn á yìn ín láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní ráhùn. Ọta 55 grain ẹ̀ (grain ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo sí) ń sá 3,240 ẹsẹ̀ bàtà láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, coyote ò ní mọ ohun tó pa á. Ní Texas yẹn òfin ò kọ̀ ọ́ fún àgbọ̀nrín, 22 kékeré tí wọ́n ń pè ní rimfire yẹn ni wọn ò gbà.

Àdùkẹ́ (Virginia):
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé Texas, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí kí ará ibòmíì má lọ kà á kó gbé 223 wọgbó. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọta tí fífẹ̀ ẹ̀ ò bá tó .23 íǹṣì, wọn ò gbọ́dọ̀ fi yin àgbọ̀nrín. Colorado tiẹ̀ le ju tiwa lọ, .24 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀, orí ọta náà ò sì gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju 70 grain.

Ọdẹ Òru (Oklahoma):
Mo ti fi 223 pa àgbọ̀nrín rí, mo sì ti fi ṣòfò rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfò yẹn. Ọta coyote ló wà nínú ìbọn mi lọ́jọ́ yẹn, 55 grain tó ní rọ́bà pupa ṣóńṣó lórí, irú èyí tí awọ bàbà ara ẹ̀ fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé bó bá ti kan nǹkan á fọ́ yángá. Àárọ̀ kùtù ni, ìrì ṣì wà lára koríko, abo àgbọ̀nrín kan bá jáde síwájú mi, kò ju 90 yards, ojú kòkòrò mú mi, mi ò pààrọ̀ ọta, mo yìn ín léjìká. Mo rí irun tó fò, mo rí i tó fi eékún kúnlẹ̀, mo ti ń dúpẹ́, àfi bó ṣe dìde tó wọgbó lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ ò ju ojú kọ́bọ̀ lọ, mo tọ ipasẹ̀ ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ mi lójú. Ọjọ́ kejì ni mo rí òkú ẹ̀, coyote ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí mo la ibi tí mo yìn, ọta yẹn ò wọnú rárá, ó ti tú ká sára egungun apá, ojú ọgbẹ́ yẹn tó àtẹ́lẹwọ́ ṣùgbọ́n kò jìn ju ìka méjì lọ. Ọta ò jẹ̀bi o, iṣẹ́ coyote ni wọ́n ṣe é fún, èmi ni mo rán an níṣẹ́ oníṣẹ́.

Baba Ìbejì (Atlanta):
Hmm. Ó dáa, mo gbà, tó bá fẹ́ lo 223 fún àgbọ̀nrín kó ra ọta tí kì í fọ́, kó sì yìn ín lẹ́yìn apá níbi ẹ̀dọ̀fóró, kó má yìn ín lójú egungun.

Alàgbà Ẹlẹ́tù (Texas):
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ti ń dẹ ilẹ̀ yìí ó lé lógún ọdún, bàbá tó bí mi ṣakabùlà ló lò títí ó fi kú. Ìbọn kan ṣoṣo ni o, òun ló fi ń pa ọ̀yà, òun ló fi ń pa àgbọ̀nrín. Tó bá ń lọ sídìí ọ̀yà á wọn ẹ̀tù díẹ̀, á da ọta wẹ́wẹ́ lé e, á fi irin kì í. Tó bá jẹ́ ẹran ńlá ló ń wá, ẹ̀tù á pọ̀ sí i, ọta á tóbi. Ohun tí àbúrò wa yìí ń bèèrè kò ju ìyẹn náà lọ, kàtíríìjì wo ló fàyè gba ọta kékeré tó tún gba ńlá. Lójú tèmi 243 ni.

Ọdún 1955 ni Winchester gbé e jáde, ilé 308 ni wọ́n mú tí wọ́n fún ọrùn ẹ̀ kó lè gba ọta tín-ínrín. Ẹ̀tù tó pọ̀ ló wá ń ti ọta kékeré, ìdí tó fi ń sáré nìyẹn, síbẹ̀ kò gbáni tó 308. Ẹ máa rí ọta 55 grain fún un lọ́jà, ẹ máa rí 100 grain náà. 58 grain ẹ̀ ń kọjá 3,700 ẹsẹ̀ bàtà láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, 100 grain ẹ̀ ń sá bíi 2,960, èyí tó bá sì nípọn lára nínú àwọn 100 yẹn á gba ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀nrín wọlé á jáde lódìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á yìn ín láì pajú dé. Tọ́mọdé bá sì ti ń pajú dé kó tó fa ìbọn, kò sí kàtíríìjì tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ògbójú Kéékèèké (New Jersey):
Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, kí wọ́n ra méjì o jàre 😂 ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sí bàráàkì, ìyàwó ò ní mọ̀

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí (Texas):
Ẹ̀gbọ́n ẹ ò mọ ìyàwó mi 😂

Délé Creedmoor (Houston):
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nípa 6.5 Creedmoor? Ọdún 2007 ló jáde, ayé ìsinsìnyí nìyẹn, ọta ẹ̀ gùn, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ ẹ kúrò lójú ọ̀nà, 140 grain ẹ̀ ń sá bíi 2,700, àgbọ̀nrín, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, gbogbo ẹ̀ ló ń pa. Ọta 95 grain tó fúyẹ́ fún coyote náà wà. 243 ti dàgbà.

Alàgbà Ẹlẹ́tù (Texas):
Délé ọmọ mi, mi ò bú 6.5 o, ó dáa. Àmọ́ afẹ́fẹ́ wo lo ń wí láàárín 150 yards? Àwọn tó ń yin páálí ní 1,000 yards ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Fún ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ wà nínú fẹ́ǹsì, owó ọta ló yẹ kó máa rò. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló ń dà á láàámú ni, mi ò ní bá ẹ jiyàn.

Ará Columbus:
Ẹ jọ̀ọ́, ará Ohio wà níbí náà. Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ wa kó máà wulẹ̀ ra 243 torí àgbọ̀nrín, òfin ibí ò gbà á. Kàtíríìjì tí ara ẹ̀ tọ́ gbọọrọ láìní ọrùn, straight wall, ni wọ́n gbà láti 2014, irú 350 Legend àti 450 Bushmaster. Mo mọ ẹnì kan tó ra 243 tuntun kó tó bèèrè. Coyote nìkan ló ń fi pa báyìí, ó máa ń bínú tó bá ti rí àgbọ̀nrín.

Lọ́kìlí (London):
Èmi ará Oǹdó fẹ́ bèèrè o, àwọn coyote yìí, ṣé wọ́n máa ń jẹ ẹ́?

Àdùkẹ́ (Virginia):
Mo ti mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀ 😂😂

Ìyá Ẹlẹ́ran (Texas):
Àbúrò, èmi náà ń sin ewúrẹ́ nítòsí ibẹ̀ yẹn. Ra ìbọn o, àmọ́ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan kún un. Mi ò ṣàwàdà. Abo ni kẹ́ ẹ rà, kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tó bá ti di méjì àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn ṣọ̀rẹ́, wọ́n á gbàgbé ewúrẹ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kórìíra ohunkóhun tó bá jọ ajá, tèmi ti fi ẹsẹ̀ gbá coyote kan gba orí fẹ́ǹsì. Ẹ ò lè máa jí ní aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ewúrẹ́, ẹ níṣẹ́.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí (Texas):
Mo dúpẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. 243 lọkàn mi ti ń lọ báyìí. Alàgbà, ṣé kí n wá ra ọta oríṣi méjì, 58 fún coyote, 100 fún àgbọ̀nrín?

Alàgbà Ẹlẹ́tù (Texas):
Rárá. Ibi tí wọ́n ti máa ń kó sí wàhálà nìyẹn. Ìbọn tẹ́ ẹ bá ti tún ojú ẹ̀ ṣe fún 100 grain, tẹ́ ẹ bá ki 58 sí i kò ní balẹ̀ síbi kan náà. Ẹ tún máa tún skópù, awò orí ìbọn yẹn, ṣe ni, ẹ máa gbàgbé èyí tó wà nínú ẹ̀, bíi ti Ọdẹ Òru. Ẹni tó ń ta awọ coyote ló ń wá ọta tí ò ní ba awọ jẹ́, ṣé ẹ fẹ́ ta awọ ni? Ẹ ra 95 tàbí 100 grain, irú kan náà, páálí kan náà, kẹ́ ẹ fi pa méjèèjì. Ní 100 yards ẹ jẹ́ kó máa wọlé ní ìwọ̀n íǹṣì kan ààbọ̀ sókè ojú àmì, tó bá dé 200 á bọ́ sójú àmì gan-an. Ẹ ò ní máa ṣírò kankan nínú òkùnkùn.

Òkùnkùn tí mo sọ yẹn, coyote lẹ lè yìn lóru lórí ilẹ̀ yín ní Texas, kò ní àsìkò, kò ní iye. Àgbọ̀nrín, tílẹ̀ bá ti ṣú ẹ gbé ìbọn sílẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí (Texas):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ra 243 yẹn, tòkunbọ̀ ni, igi ìdí ẹ̀ ti họ díẹ̀ àmọ́ inú ẹ̀ mọ́. Mo dán an wò ní rénjì, mi ò kọ́kọ́ gba ti Alàgbà, mo yá 58 grain mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kan, 100 grain mi ti ń wọ ojú kan náà, 58 yẹn lọ sókè lápá òsì, ó fi bí ìka mẹ́ta kúrò lára wọn. Ẹ máà bínú sí mi bàbá, mo ti gbọ́. Ọmọ mi yin ogún, ó ní ká tún ra sí i.

Àná ni mo rí coyote àkọ́kọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó. Ọwọ́ mi ti wà níbi tí wọ́n ti ń fa ìbọn, skópù ti bá apá ẹ̀, ni mo bá rí iná kíṣìnì aládùúgbò mi lẹ́yìn ẹ̀ gan-an. Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Ó ya, ó bá tiẹ̀ lọ.

Alàgbà Ẹlẹ́tù (Texas):
O ṣeun. Ewúrẹ́ ńkọ́?

Ọmọ Ọdẹ Ṣakí (Texas):
Wọ́n pé sà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bọ̀ ní Sátidé.