Ẹ yẹ aṣọ wò kí abẹ́rẹ́ tó kàn án: iṣẹ́ òwú nígbà òtútù láàárín àwọn Júù London

Ìyá Ìbejì, Hendon

Ẹ̀yin ará, ẹ kú òtútù o. Oṣù kọkànlá ti wọlé, àwọn sínágọ́gù sì ti ń gbé tábìlì òwú síta fún Mitzvah Day, ọjọ́ iṣẹ́ oore tí Laura Marks dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005. Wọn kì í béèrè owó lọ́jọ́ náà, àkókò àti ọwọ́ ẹni ni wọ́n ń fẹ́, Júù àti ẹni tí kì í ṣe Júù ni wọ́n sì ń pè. Ẹ jẹ́ ká kọ ohun tá a mọ̀ síbí kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bá wọn jókòó má baà ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ìwọ̀n, ẹ sì kọ ohun tó máa ń bàjẹ́ àti ohun tó ń fà á.

Fìlà ni màá fi ṣí i. Orí àgbàlagbà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 56 yíká, ṣùgbọ́n fìlà gbọ́dọ̀ kéré sí orí kó tó lè dì mọ́ ọn, nítorí náà ẹ fojú sun 51. Pẹ̀lú òwú DK (èyí tí kò nípọn jù tí kò sì tín-ín-rín jù) àti abẹ́rẹ́ olókùn oní mílímítà 4, ojú 22 ló yẹ kó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ kó ojú 112 sórí abẹ́rẹ́, ẹ so ó yíká. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín díẹ̀, 3.25, hun etí rẹ̀ ní ojú iwájú méjì, ojú ẹ̀yìn méjì, títí yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ wá padà sí 4, kí ẹ máa hun ojú iwájú nìkan títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tó 14. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín in: ẹ hun ojú 12, ẹ pa méjì pọ̀ di ọ̀kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ yíká. Ìyípo tó tẹ̀ lé e, ẹ má dín nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ojú 11 kẹ́ ẹ tó pa méjì pọ̀, lẹ́yìn náà 10, bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò máa bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá ti dín in lẹ́ẹ̀meje, ẹ máa dín in ní gbogbo ìyípo títí yóò fi ku ojú 8. Ẹ gé òwú, ẹ fà á gba inú ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kẹ́ ẹ sì fún un pa.

Ibi tí fìlà ti sábà ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó ń hun ún kò kọ́kọ́ wọn ojú. Tí ọwọ́ yín bá dẹ̀, tó jẹ́ ojú 20 ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ojú 112 yẹn di sẹ̀ǹtímítà 56, fìlà á máa já bọ́ sójú ẹni tó dé e. Ẹ hun àpẹẹrẹ kékeré kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Tí fìlà bá jẹ́ ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà léèrè ohun tí wọ́n ń gbà. Má so okùn, má so bọ́ọ̀lù òwú sórí rẹ̀, má sì lo mohair, torí irun rẹ̀ máa ń já wọ imú ọmọ.

Télọ̀ Edgware

Àǹtí wa, ẹ ṣeun fún ìwọ̀n yẹn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ òwú fúnra rẹ̀. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní shatnez. Léfítíkù 19:19 àti Diutarónómì 22:11 ló ti wá: Júù kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tí irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ bá pàdé nínú rẹ̀. Irun àgùntàn nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Irun ewúrẹ́, ìyẹn mohair àti cashmere, kò sí nínú rẹ̀, irun ràkúnmí náà kò sí níbẹ̀. Kọ́tìnnì, sílíìkì, akírílíìkì, pọlísítà, ẹ pò wọ́n mọ́ ohun tó bá wù yín. Kò sí ìwọ̀n kan tó kéré jù kí òfin má mú un o: fọ́nrán ọ̀gbọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi rán bọ́tìnnì mọ́ kóòtù onírun àgùntàn ti tó.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń hun onígun mẹ́rin fún bùláńkẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n tọ́jú bébà tó wà lára bọ́ọ̀lù òwú, kí wọ́n fi píìnì kan an mọ́ iṣẹ́. Òwú ìgbà ooru míì wà tí wọ́n po ọ̀gbọ̀ mọ́ kọ́tìnnì. Ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Onígun mẹ́rin kan bẹ́ẹ̀ láàárín 47 onírun àgùntàn, gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì ti di ohun tí wọn ò lè fi bora. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà tó sì gùn tó 120, onígun mẹ́rin oní sẹ̀ǹtímítà 15 méjìdínláàádọ́ta ni, mẹ́fà ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Ojú 33 ni ẹ óò kó sórí abẹ́rẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì tún sàn kó jẹ́ irú òwú kan náà ni gbogbo yín lò, nítorí pé irun àgùntàn tí kò ṣeé fọ̀ ní maṣíìnì á sún kì tí wọ́n bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, akírílíìkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dúró bó ṣe wà. Gbogbo rẹ̀ á wá ká jọ.

Tó bá jẹ́ kóòtù àlòkù ni wọ́n kó wá, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bébà ọrùn rẹ̀. Aṣọ tó hàn síta nìyẹn ń sọ. Ohun tó fara pa mọ́ ni kẹ́ ẹ wá: kánfáàsì tó mú kọ́là dúró, èyí tó wà nínú àyà, pádì èjìká, àti òwú bọ́tìnnì. Bí bébà bá sọ pé “fọ́nrán míì” tàbí pé irun àgùntàn àtúnlò ni, ẹ fura, torí àkísà oríṣiríṣi ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ fún irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi iná dán fọ́nrán wò. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jó, iná rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀, eérú rẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́. Akírílíìkì á yọ́, á di kókó líle. Ọ̀gbọ̀ á rùn bíi bébà tó ń jó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́tìnnì ṣe ń rùn, nítorí náà iná kò lè parí ọ̀rọ̀. Maikirosíkóòpù ló ń parí rẹ̀: ọ̀gbọ̀ ní oríkèé lára bíi ti oparun, kọ́tìnnì sì lọ́ bíi tẹ́ẹ̀pù. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí wà ní gbogbo àdúgbò tí àwọn Júù olófin pọ̀ sí, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Kóòtù tí wọ́n bá rí ọ̀gbọ̀ nínú kọ́là rẹ̀ kò di ìdànù. Wọ́n á tú kọ́là, wọ́n á yọ kánfáàsì náà pátápátá, wọ́n á fi ti kọ́tìnnì tàbí pọlísítà rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí kò fi yẹ kí rólù òwú ọ̀gbọ̀ kankan wà nínú àpótí àtúnṣe yín. Ẹ kó pọlísítà síbẹ̀, ó pin bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà, Golders Green

Súwẹ́tà tó lu ní ìgbọ̀nwọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tá à ń tún ṣe. Kí ẹ tó mú abẹ́rẹ́ rárá, ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Tí ihò kéékèèké bá fọ́n káàkiri ara rẹ̀, kì í ṣe pé ó gbó, kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, ẹ gbé e sínú fírísà ní −18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má jẹ́ kó bá súwẹ́tà míì gbé inú àpò kan náà ṣáájú ìyẹn.

Dídí ihò: ẹ fi nǹkan rìbìtì tí ara rẹ̀ dán sí abẹ́ ihò náà, gílóòbù àtijọ́ dára gan-an. Òwú àtúnṣe gbọ́dọ̀ tín-ín-rín tó ti súwẹ́tà, bó bá nípọn jù, ibẹ̀ á le gbandi, á sì máa ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà kan síta ihò, níbi tí aṣọ ṣì ti lágbára. Ẹ na òwú sókè-sódò kí ìlà rẹ̀ wà létí ara wọn, kẹ́ ẹ wá fi abẹ́rẹ́ hun èyí tó dábùú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́. Níbi tẹ́ ẹ bá ti ń ṣẹ́rí padà, ẹ fi òwú sílẹ̀ díẹ̀ kó rí bí òrùka kékeré. Òwú tuntun á sún kì nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, òrùka yẹn ló máa fún un láyè. Ẹni tó bá fà á le, ibẹ̀ á ká jọ lọ́jọ́ ìfọṣọ àkọ́kọ́.

Ará Stamford Hill

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí pé ọgbẹ́ ọkàn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aṣọ tó ya ni wọ́n fẹ́ ká rán.

Tí òbí, ọkọ tàbí aya, ọmọ, tàbí ọmọ ìyá Júù bá kú, yóò fa aṣọ ara rẹ̀ ya. Kríà ni wọ́n ń pè é. Láti etí ọrùn, níwájú, ni wọ́n ti ń fà á wálẹ̀, ó sì máa ń tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Tó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá ló kú, apá òsì ni, lókè ọkàn. Fún àwọn yòókù, apá ọ̀tún. Fún àwọn yòókù yìí, wọ́n lè fi tákì mú un lẹ́yìn ọjọ́ 7, ìyẹn ojú abẹ́rẹ́ gbàǹgbà-gbàǹgbà, kí wọ́n sì rán an dáadáa lẹ́yìn ọjọ́ 30. Fún bàbá àti ìyá, tákì nìkan ni, ó sì di ẹ̀yìn ọjọ́ 30. Wọn kì í rán an pa dáadáa títí láé. Àwọn àgbà inú Tálímọ́ọ̀dù, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Júù, nínú apá tí wọ́n ń pè ní Moed Katan, ojú ìwé 26b, tiẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó rà á, torí pé òun náà kò gbọ́dọ̀ rán an.

Báwo lẹ ṣe máa dá a mọ̀ lórí tábìlì tí kóòtù bí ogún wà? Ìṣó tàbí ilẹ̀kùn ló sábà ń ya aṣọ ní ìgun, lápò tàbí lápá. Aṣọ tí lílò ya, ojú rírán ló ti máa ń tú. Kríà kì í tẹ̀ lé ojú rírán. Ó máa ń gún wálẹ̀ láti etí kọ́là, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á mọ́ roro nítorí pé ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣí i, ìyókù rẹ̀ á gbọn fọ́nrán jáde nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi fà á. Tẹ́ ẹ bá tún rí òwú tákì tó dẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ má tú u, ẹ má rò pé aránṣọ kan ló ṣe iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi píìnì so bébà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ń bójú tó tábìlì, kó bi rábì. Bí ẹni tó ni ín bá wà nítòsí, ẹ má béèrè lójú gbogbo ayé.

Títa ríbọ́ọ̀nù dúdú mọ́ àyà kí wọ́n sì fa ìyẹn ya ni àwọn ìjọ míì ń ṣe báyìí, nítorí náà ẹ lè má rí kríà lára kóòtù wọn rárá.

Ìyá Ìbejì, Hendon

Ẹ kú ìlàlóye. Àwa tá à ń ránṣọ, ohun tó bá ya ni ọwọ́ wa ń yá sí, ó yẹ kí gbogbo tábìlì gbọ́ èyí kó tó dọjọ́ Sunday.

Bọ̀dá Prestwich

Láti Manchester ni mo ti ń kọ ọ́. Iṣẹ́ rírán mìíràn wà tí àwọn olùyọ̀ǹda ń ṣe láìfariwo: aṣọ òkú, tachrichim. Ẹgbẹ́ chevra kadisha, tó ń wẹ òkú tó sì ń wọṣọ fún un, ló máa ń béèrè rẹ̀. Aṣọ funfun ni, ọ̀gbọ̀ tàbí kọ́tìnnì: ṣòkòtò, ẹ̀wù, ẹ̀wù àwọ̀lékè, fìlà, ìgbànú, àti aṣọ fífẹ̀ tí wọ́n ń fi wé gbogbo rẹ̀. Kò ní àpò. Olówó àti tálákà, bákan náà ni, nítorí Rábánì Gàmálíẹ́lì, àgbà olùkọ́ òfin Júù láyé àtijọ́, ní kí wọ́n fi aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán sin òun nígbà tí ìnáwó ìsìnkú ti fẹ́ pa àwọn ènìyàn lórí.

Ohun tó máa ń ṣòro fún aránṣọ ni pé wọn kì í ta kókó sídìí òwú. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ rán ojú méjì padà sẹ́yìn kó lè dúró, kẹ́ ẹ máa rán an lọ pẹ̀lú ojú gígùn. Ìparí rẹ̀ bákan náà. Àṣà ìjọ kan yàtọ̀ sí òmíràn nípa lílo maṣíìnì, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gé aṣọ.

Télọ̀ Edgware

Ẹ má gbàgbé aago o. Mishnah, àkójọ òfin àtijọ́ àwọn Júù, ka iṣẹ́ 39 tí wọn kì í ṣe lọ́jọ́ Sábáàtì, ìdá kan tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ iṣẹ́ òwú: rírẹ́ irun àgùntàn, pípa á láró, ríran òwú, híhun, títa kókó àti títú u, rírán ojú méjì, àti fífa aṣọ ya láti lè rán an. Ní London nínú oṣù Disẹ́ńbà, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Friday tó lu, àwọn obìnrin ti tan àbẹ́là. Bọ́tìnnì tó bá já lẹ́yìn ìyẹn á dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Saturday. Nítorí náà, Thursday ni kẹ́ ẹ dá aṣọ àtúnṣe padà. Nígbà Hanukkah, ọdún àbẹ́là àwọn Júù náà, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ fún ìdajì wákàtí tí àbẹ́là wọn bá ń jó. Ẹ má fi ìpàdé sí àkókò náà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mú ohun jíjẹ wá, èso odindi tí ẹ kò tíì gé ló dára jù. Àkàrà òyìnbó tẹ́ ẹ ṣe nílé, wọn ò ní lè jẹ ẹ́ nítorí òfin oúnjẹ wọn.

Ará Stamford Hill

Mo fẹ́ fi ti pínpín kún un. Gemach ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń yá ara wọn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, láti orí kóòtù dórí aṣọ ìyàwó. Ẹ́kísódù 22 ní tí ẹ bá gba aṣọ ẹnì kejì ní ìdógò, ẹ dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, torí òun nìkan ló ní láti fi bora. Maimonides, ọ̀mọ̀wé òfin Júù ayé àtijọ́, náà to ìtọrẹ sí ìpele mẹ́jọ. Kí ẹni tó fún ni má mọ ẹni tó gbà, kí ẹni tó gbà má mọ ẹni tó fún un, ìpele kejì láti òkè nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: ẹ má kọ orúkọ yín sínú fìlà. Ẹ fi kóòtù kọ́ sórí irin ní ìwọ̀n-ìwọ̀n bíi ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó wọlé fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ẹ yẹ gbogbo síìpù wò, ẹ tú àpò wò, ẹ so bọ́tìnnì àfikún mọ́ inú kóòtù. Èyí tí àbùlẹ̀ rẹ̀ bá hàn gedegbe, ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un rán kó tó dé orí irin.