Mo yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà nínú project mi, síbẹ̀ wọ́n ní mo jí i wò

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ará. Mo wà ní final year, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Supervisor mi dá chapter two mi padà lánàá, bírò pupa ló kún ibẹ̀, ó ní iṣẹ́ olóhun ni mo jí. Mi ò ṣe copy and paste o! Ìwé ní "rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta máa ń dín májèlé inú rẹ̀ kù", èmi wá kọ "kíkó pákí sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta máa ń jẹ́ kí oró inú rẹ̀ dínkù". Kí ló kù kí n ṣe? Mi ò rí oorun sùn.

Ẹ̀gbọ́n Oǹdó: Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Aṣọ lo pààrọ̀ fún gbólóhùn yẹn, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò yí padà, bó ṣe tò ó lo ṣe tò ó. Nígbà témi ń ṣe master's, mo máa ń ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mejì, màá pa ìwé dé, màá wá rò ó fún màmá mi tó ń ta fùfú, torí màmá ò ní gbà kí n máa sọ gírámà fún òun. Ohun tó bá jáde lẹ́nu mi ni màá kọ, lẹ́yìn náà ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé wò bóyá mo ṣì í sọ. Tìẹ lè rí báyìí: "Àwọn tó ń ṣe fùfú kì í kánjú yọ ẹ̀gẹ́ lómi, torí láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni oró ẹ̀ ń jáde." Kó o wá kọ orúkọ oníwèé àti ọdún sí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ṣé mo ṣì máa kọ orúkọ wọn, nígbà tó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu mi?

Ẹ̀gbọ́n Oǹdó: Dandan ni. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀, àwọn ló ni ìmọ̀. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ lo fẹ́, fi àmì àyọlò sí i, kó o kọ nọ́ńbà ojú ewé.

Ìyá Tólú: Ẹ má lo àwọn app tó ń bá yín yí ọ̀rọ̀ padà o, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó kó àbúrò yìí sí wàhálà gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí Turnitin, ìyẹn app táwọn ilé ìwé fi ń yẹ iṣẹ́ wò, dẹ́rù bà yín, ibi tọ́rọ̀ ti jọra ló ń kà, kódà ó lè ka àyọlò tẹ́ ẹ kọ dáadáa mọ́ ọn, olùkọ́ ló máa wò ó bóyá olè ni.

Ẹni tó béèrè: Mo ti pe màmá mi, mo ka ti ẹ̀gẹ́ yẹn fún wọn. Wọ́n ní "ìyẹn la ṣe ń da omi ẹ̀ nù." Mo ti ń kọ ọ́ báyìí.