Fífún kọ́nẹ́ktọ̀ mọ́ kébù áńtẹ́nà: kí lojú yín ti rí?

Onírédíò Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo fẹ́ ká sọ ìrírí wa lórí kọ́nẹ́ktọ̀ tí a ń fi irinṣẹ́ fún mọ́ kébù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní crimp, torí pé ibẹ̀ ni mo ti sábà máa ń bá ohun tó bàjẹ́. Oníbàárà á ní rédíò ti kú, á ní áńtẹ́nà ò dáa, òmíràn á tiẹ̀ ti lọ ra tuntun. Bí mo bá dé ibẹ̀, kọ́nẹ́ktọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Láìpẹ́ yìí ni iléeṣẹ́ aṣọ́nà kan pè mí. Rédíò bésì wọn ń gbóhùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn tó wà lóde kì í gbọ́ wọn dáadáa, pàápàá bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Mo di BNC, irú kọ́nẹ́ktọ̀ kékeré kan, tó wà lórí kébù mú, mo yí i díẹ̀, ó ń yí láìgbé kébù dání. Ẹni tó ṣe é ti fi páláyà tẹ òrùka rẹ̀, ìyẹn irin tó ń di wáyà híhun tó yí inú kébù ká mọ́ kọ́nẹ́ktọ̀, pẹlẹbẹ. RG-58 ni kébù náà, èyí tí kò ju nǹkan bíi 5 mm lọ ní ìbú. Òrùka tirẹ̀ ń fẹ́ ojú irinṣẹ́ onígun mẹ́fà tó jẹ́ 5.41 mm, abẹ́rẹ́ tó ń gba wáyà àárín kébù ń fẹ́ 1.72 mm. Ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni páláyà ń tẹ̀. Àwọn ẹ̀gbẹ́ tó kù á wú sóde, wáyà híhun tó wà lábẹ́ wọn kò ní dì mọ́ nǹkan kan, bí atẹ́gùn bá sì mi kébù, ohùn á máa já.

Ẹ ra irinṣẹ́ tó ní eyín nínú, èyí tí kì í ṣí títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ dópin. Ó wọ́n ju páláyà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ ní i. Kí ẹ sì ti ki òrùka àti rọ́bà asúnkì, èyí tó ń fún mọ́ kébù bí ooru bá kàn án, sórí kébù kí ẹ tó fi kọ́nẹ́ktọ̀ sí i.

Ọmọ Àpápá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ̀bá omi ni iṣẹ́ tèmi, rédíò inú ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tọ́jú. Iyọ̀ òkun kì í dárí ji ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ìdajì.

Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń fi í pe èbúté lórí chánẹ́lì 16, ìyẹn 156.8 MHz, tí ẹnikẹ́ni kì í dáhùn àfi bó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gúnlẹ̀. Rédíò ń gbé 25 W rẹ̀ jáde pé pérépéré. Mo ka SWR lẹ́yìn rédíò, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí agbára tó ń padà láti òkè ṣe pọ̀ tó (1 ló dára jù), 1.6 ni mo rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní áńtẹ́nà dáa nìyẹn, wọ́n á palẹ̀ mọ́. Mo dín agbára rédíò kù sí 1 W, mo gun òkè lọ tú áńtẹ́nà kúrò, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tún un kà. Mítà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà! Áńtẹ́nà kò sí lórí kébù mọ́, síbẹ̀ mítà ní kò séwu.

Kébù ti mu omi ni. Omi gba abẹ́ òrùka wọlé, ó ń gba inú wáyà híhun sọ̀ kalẹ̀, bàbà rẹ̀ sì ti dúdú jìnnà sísàlẹ̀. Kébù bẹ́ẹ̀ ń jẹ agbára tó ń lọ, ó tún ń jẹ èyí tó yẹ kó padà wá sọ fún mítà pé nǹkan ti bàjẹ́. Bí kébù bá ń jẹ 6 dB, ìyẹn bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára, tí òkè rẹ̀ ṣófo pátápátá, bíi 1.7 péré ni SWR tí ẹ máa kà nísàlẹ̀. Nínú 25 W yẹn, nǹkan bíi 6 W ló ń dé òkè. Ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Inú bí mi gidigidi lọ́jọ́ náà.

Fífún nìkan kì í dí omi. Rọ́bà asúnkì tó ní gọ́ọ̀mù nínú ni mo máa ń lò, n ó wé tépù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ lé e, n ó sì fi tépù dúdú bò ó nítorí oòrùn. Kọ́nẹ́ktọ̀ tí wọ́n ń pè ní PL-259 kò ní ohun tó ń dènà omi rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní N ní rọ́bà nínú, òun ni mo fara mọ́ fún ìta.

Ará Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ti kébù nípọn kún un. Níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, RG-213 àti LMR-400 ló pọ̀ lọ́wọ́ àwa tó ní láísẹ́ǹsì amateur, ìyẹn ti àwọn tó ń fi rédíò ṣe ìgbafẹ́. Ìbú ìta wọn jọra, bíi 10.3 mm, ojú 10.9 mm sì ni a fi ń fún òrùka àwọn méjèèjì. Ohun tó ń tan ènìyàn nìyẹn. Wáyà àárín RG-213 jẹ́ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ méje tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 2.25 mm. Ti LMR-400 jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo gbọọrọ, 2.74 mm, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára.

Ojúlùmọ̀ mi kan ra kọ́nẹ́ktọ̀ N ti RG-213 fún LMR-400. Wáyà kò wọ abẹ́rẹ́, ló bá mú fáìlì, ó fá a. Bẹ́ẹ̀, bàbà tó fá dànù yẹn gan-an ni iná rédíò ń gbà, torí pé ara òde wáyà ló máa ń rìn. Alumíníọ̀mù ìhòòhò ló wá kù nínú abẹ́rẹ́. Ẹ ka orúkọ tó wà lára èèpo kébù kí ẹ tó náwó.

Ọmọ iṣẹ́, Òṣogbo

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ní sọ́dà ló lágbára, pé crimp kì í pẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mítà àfọwọ́mú, èyí tó ń dún bí iná bá ráyè kọjá nínú wáyà, nìkan ni mo sì ní, báwo ni mo ṣe lè yẹ iṣẹ́ mi wò?

Onírédíò Ìbàdàn

Àbúrò, má bá ọ̀gá rẹ jiyàn. Lórí RG-213, PL-259 tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n bá jó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n ike fóòmù inú irú LMR-400 yẹn tètè ń yọ́. Tó bá yọ́, wáyà àárín á sún kúrò láàyè rẹ̀, ó lè lọ kan wáyà híhun. Bébà alumíníọ̀mù rẹ̀ pàápàá kì í gba sọ́dà. Ní ti PL-259, èmi máa ń fún òrùka, n ó sì kán sọ́dà díẹ̀ sínú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kíákíá.

Mítà rẹ tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Wọn abẹ́rẹ́ orí kan kébù sí abẹ́rẹ́ orí kejì, ara sí ara, méjèèjì gbọ́dọ̀ dún. Abẹ́rẹ́ sí ara kò gbọ́dọ̀ dún rárá. Bó bá dún, okùn wáyà híhun kan ló ti yà wọ àárín. Lẹ́yìn náà, mi kébù, yí i, fà á dáadáa nígbà tí mítà ṣì ń dún. Bí ohùn rẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan péré, gé e kúrò kí o fi kọ́nẹ́ktọ̀ mìíràn sí i, torí òrùka tí a ti fún kì í ṣeé tún fún.