Jíà sterndrive ọkọ̀ mi ti le jù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọJabi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abuja ni mo wà, adágún Jabi ni mo ti ń wa ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ni, MerCruiser ni ẹ́ńjìnì rẹ̀, Alpha One ni dráìfù rẹ̀, ìyẹn sterndrive, jíà àti própélà tó wà níta lẹ́yìn ọkọ̀. Èkó ni mo ti rà á, omi iyọ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́ mo gbé e sórí tírélà. Bí mo ṣe tún gbé e sómi, ọwọ́ jíà ò fẹ́ lọ mọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń tì í kó tó wọ iwájú, bí mo bá sì ń fà á bọ̀ sí fíríì, ẹ́ńjìnì á kú. Mẹkáníìkì kan ní ká tú jíà ìsàlẹ̀ palẹ̀, owó tó sì dá lé e kò kéré. Kí lẹ rí sí i? Ta lẹ lè júwe fún mi?

Apẹja_Jẹ́bà:
Ẹ fún gíríìsì sínú kébù ọwọ́ jíà yẹn, kẹ́ ẹ máa fi agbára fà á lọ fà á bọ̀, á là. Bá a ṣe ń ṣe Yamaha wa níbí nìyẹn.

MẹkáníìkìLọ́kọ́ja:
Ẹ̀gbọ́n Jẹ́bà, ẹ kú àánú rẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kó má fi agbára fà á. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni tiyín. Nínú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnì tirẹ̀ wà, jíà àti própélà ló wà níta, kébù méjì ló sì so ọwọ́ jíà pọ̀ mọ́ ọn. Èkíní ti ọwọ́ jíà wá sára ẹ́ńjìnì. Èkejì gba ara ìdí ọkọ̀ kọjá lọ sínú dráìfù. Orí irin pẹlẹbẹ kan lára ẹ́ńjìnì ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Gíríìsì ò dáa fún un rárá, torí ike ni wọ́n fi tẹ́ inú kébù. Gíríìsì á gan síbẹ̀, á sì há a mọ́ ọn.

ỌmọJabi, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ tú kébù èkíní kúrò lára irin yẹn, kẹ́ ẹ wá ti ọwọ́ jíà. Bó bá ṣì le, àpótí ọwọ́ jíà tàbí kébù èkíní ló ń ṣe é. Bó bá lọ geere, ẹ di orí kébù èkejì, ìyẹn kébù ìsàlẹ̀, mú, ẹ tì í, ẹ fà á. Kí ẹnì kan máa fọwọ́ yí própélà bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é, torí eyín jíà Alpha lè má wọnú ara wọn bí própélà bá dúró sójú kan.

Ti ẹ́ńjìnì tó ń kú yẹn: súwíìṣì kékeré kan wà lára irin yẹn kan náà, ojú ihò tó rí bíi V ló jókòó sí. Bẹ́ ẹ bá ń yọ jíà, ó máa ń gé iná pílọ́ọ̀gì wẹ́rẹ́ kí eyín jíà lè jára gbà. Kébù tó bá le kì í jẹ́ kó tètè padà sáyè rẹ̀, iná á gé pẹ́ jù, ẹ́ńjìnì á kú. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gé wáyà súwíìṣì náà dànù. Ẹ má gbà! Etí eyín jíà ni yóò jẹ, ìgbà yẹn lẹ ó wá ra jíà lóòótọ́.

ỌmọJabi:
Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe é. Bí mo ṣe tú kébù èkíní, ọwọ́ jíà ń yọ̀ bí ẹni fi òróró pa á. Kébù ìsàlẹ̀ ló le. Bí mo ṣe ń tì í, ó ń há, omi pupa irin tó ti dógùn-ún sì ń yọ níbi tó ti wọ inú ọ̀pá rẹ̀. Ṣé ká tú jíà náà ni?

ÌyáỌlọ́kọ̀_NewBussa:
Rárá, ọmọ mi. A ti rí irú rẹ̀ lórí adágún Kainji níbí. Ẹ tú dráìfù kúrò lára ọkọ̀, kẹ́ ẹ fa kébù náà lóun nìkan. Bó bá ṣì le, kébù ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá lọ, ẹ yẹ ọ̀pá tó ń yí jíà wò, búṣì rẹ̀, ìyẹn òrùka tí ọ̀pá náà ń yí nínú rẹ̀, máa ń há.

MẹkáníìkìLọ́kọ́ja:
Òótọ́ ni Màmá sọ, àmọ́ pẹ̀lú omi pupa yẹn, kébù ni mo fọkàn sí. Ẹ yẹ rọ́bà tó bò ó níta wò. Abẹ́ omi ló wà, ibi tó bá ti ya ni iyọ̀ gbà wọlé. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kébù, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́, torí omi lè gba ibẹ̀ wọnú ọkọ̀. Ẹ fa ọ́ìlì dráìfù wò: bó bá funfun bíi ti wàrà, omi ti wọ inú jíà, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Nọ́ńbà tó wà lára dráìfù ni kẹ́ ẹ fi ra ẹ̀yà. Alpha àkọ́kọ́ àti ìran kejì rẹ̀, Gen II, tó jáde ní 1991 kì í lo gbogbo ẹ̀yà kan náà.

Jíà iwájú ni kó wà bẹ́ ẹ bá ń tú dráìfù, iwájú náà ni bẹ́ ẹ bá ń dá a padà. Ẹni tó bá dá Alpha padà ní fíríì ò ní rí i kó wọlé dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa ṣe é, ẹ bi í pé jíà wo ló yẹ kó wà bó bá ń tú dráìfù, kẹ́ ẹ tó fún un níṣẹ́. Èmi náà lè gòkè wá sí Abuja.

ỌmọJabi:
Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá, ọ̀gá. Mo ti pe Èkó fún kébù àti rọ́bà. Ẹ fi iye owó iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.