Mo ń lọ ra aṣọ ẹbí ní Balógun: báwo ni kí n ṣe ṣọ́ owó àti fóònù mi?

Ọmọ Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Mo ti lọ sí Èkó rí, ṣùgbọ́n ilé àǹtí mi ní Ìkẹjà ni mo máa ń lọ, wọ́n á sì wá pàdé mi ní gáréèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjà Balógun ni, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti sún mọ́lé, ẹbí sì ti kó owó aṣọ lé mi lọ́wọ́. Owó ọlọ́wó ni, ìyẹn gan-an ló ń kó mi láyà sókè. Àwọn kan ní kí n tò ó sínú bàtà, àwọn kan ní kí n má mú kọ́bọ̀ dání, pé kí n máa fi fóònù sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà yẹn, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí jáguda kì í fi í rí yín gbé ṣe? Ṣé ọkọ̀ ojú irin ló sàn láti bá lọ ni, àbí bọ́ọ̀sì gáréèjì Kútọ̀ níbí?

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

Ọmọ mi, ẹ kú ìmúra o. Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣojú gbogbo wa.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Èkó la ti ń ra aṣọ funfun tí a ń pa láró, láti ìgbà tí màmá mi ti wà láyé ni mo sì ti ń tẹ̀lé wọn lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé olè ọjà kì í wá owó kiri, ọwọ́ rẹ ló ń wò. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ló mọ̀ pé nǹkan wà. O lè bọ́ sáàárín èrò kí o gbọ́ tí ẹnì kan pariwo pé, "Ẹ ṣọ́ àpò yín o, olè ti wọ ibí o!" Wò ó, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn á fọwọ́ kan ibi tí wọ́n tọ́jú owó sí. Nígbà mìíràn, ẹgbẹ́ olè lẹni tó pariwo yẹn. Bí o bá gbọ́ irú rẹ̀, má fọwọ́ kan ohunkóhun. Máa lọ.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ ti bàtà yẹn. Bí o bá dé iwájú ọlọ́jà, ṣé wàá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀nà kí o máa tú bàtà ni? Ọjà á mọ̀, olè á mọ̀. Tòbí làwọn ìyá wa ń lò. Wọ́n á so ó mọ́ ìdí lábẹ́ ìró, owó á wà nínú àpò rẹ̀, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ máa débẹ̀ tí o ò ní mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí kì í ró ìró lọ sọ́jà, mo mọ̀. Lọ bá télọ̀ rẹ kó rán àpò pẹlẹbẹ kan tó ní síìpù, kí o dè é mọ́ ìbàdí lábẹ́ aṣọ. Àárín ikùn ni kó wà o, kì í ṣe ẹ̀yìn.

Ilé ni kí o ti ka owó náà. Pe ẹni tó fẹ́ ta aṣọ fún ọ ṣáájú, kí ẹ ti ná an, kí o mọ iye tó jẹ́, kí o wá dì í ní ìdì-ìdì gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí o fẹ́ rà. Tó bá dìgbà tí o fẹ́ sanwó, wọlé sínú ṣọ́ọ̀bù, jókòó, bẹ ìyá ọlọ́jà kí wọ́n jẹ́ kí o bọ́ sẹ́yìn ìkélé díẹ̀, mú ìdì kan jáde. Kò sí kíka owó lójú títì. Owó ọkọ̀, omi àti oúnjẹ, ìyẹn ló máa wà nítòsí ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mú un, kò ní ba ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni jẹ́.

Àwọn ọ̀nà tó há ni kí ojú rẹ là sí jù. Wọ́n kì í dá nìkan ṣiṣẹ́. Ọ̀kan á ṣàdédé dúró níwájú rẹ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan á máa tì ọ́ láti ẹ̀yìn, á sì máa jágbe mọ́ ọ pé kí o kúrò lọ́nà. Níbi tí o ti ń wojú àwọn méjèèjì, ẹnì kẹta ti fi abẹ la báàgì rẹ. Àyà ni kí báàgì máa wà. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún ọ pé nǹkan dà sí ọ láṣọ lẹ́yìn, pé kí o jẹ́ kí òun bá ọ nù ún, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá sún mọ́ ọ kí o tó wò ó. Owó tí o bá rí nílẹ̀, fò ó dá. Iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni.

Àwọn èèyàn kì í sọ ti alábàárù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹrù ibẹ̀ ló ń gba ọwọ́ wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹun òógùn wọn o, mi ò ní bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn yá, èrò á sì bọ́ sáàárín yín. Ẹni tí ọlọ́jà rẹ mọ̀ ni kó pè fún ọ. Iwájú rẹ ni kó máa rìn, kí àbúrò rẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fọwọ́ kan ẹrù náà, kí ìwọ wà lẹ́yìn. Má sanwó fún un tí ẹrù ò bá tíì wọ ọkọ̀.

Atúnfóònùṣe Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá. Àǹtí wa, ẹ jẹ́ kí n fi ti fóònù kún un, torí ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń sunkún wá sọ́dọ̀ mi.

Kì í ṣe fóònù nìkan ni olè ń fẹ́ mọ́, síìmù tó wà nínú rẹ̀ ló lówó lórí. Ẹ ti lè fi PIN ti ojú fóònù pa. Olè á yọ síìmù, á kì í bọ fóònù tirẹ̀, nọ́ńbà yín ti di tirẹ̀ nìyẹn. Kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Bí ó bá tẹ *565*0# lórí nọ́ńbà tí ẹ fi ṣe BVN, BVN yín á jáde sí i. Àwọn ará ilé yín náà á máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé ẹ nílò owó kíákíá.

Ẹ wọ Settings lórí fóònù yín, ẹ wá SIM lock lábẹ́ Security, ẹ fi PIN sí síìmù fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ tó ni síìmù kí wọ́n sọ PIN àkọ́kọ́ fún yín. Ẹ má ṣe méfò o: tí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, á tì pa, ó di kí ẹ wá PUK, ìyẹn kóòdù tí iléeṣẹ́ síìmù fi ń ṣí i padà. Ẹ tún tẹ *#06#, IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín tó ní ẹyọ nọ́ńbà 15, á jáde; ẹ kọ ọ́ síwèé, kí ìwé náà wà nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì yín àti ti àǹtí yín sórí bébà méjì, kí ìwọ àti àbúrò yín mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí fóònù bá lọ, ẹ ò ní rántí nọ́ńbà kankan lórí. Báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n dí àkáǹtì, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ síìmù. Ẹ mú NIN yín lọ tí ẹ bá fẹ́ gba nọ́ńbà yín padà.

Mi ò sọ pé kí ẹ má fi fóònù sanwó. Ohun tí mo máa fi kún un ni pé kí owó aṣọ má wà nínú àkáǹtì tí ẹ ṣí sórí fóònù tí ẹ mú lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín dúró ti fóònù nílé, kó sanwó sí àkáǹtì ọlọ́jà nígbà tí ẹ bá ti rí aṣọ.

Awakọ̀ Kútọ̀

Ọkọ̀ ojú irin dára, ẹ ó jókòó jẹ́ẹ́. Láti 2021 ló ti ń gbé èrò. Ìbùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Láderin lẹ ó ti wọ̀ ọ́, Alágómẹ́jì ní Yábàá, l'Ékòó, ni yóò já yín sí. Ṣùgbọ́n àsìkò rẹ̀ kò pọ̀ lóòjọ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó lọ.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì, inú gáréèjì ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó bá ń gbé èrò lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn géńdé mẹ́ta-mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ, bí ó tilẹ̀ dín owó kù. One chance ni wọ́n ń pe irú ìyẹn, kì í ṣe àpò nìkan ni wọ́n ń gbọ́n. Tí ẹ bá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́nà Oṣòdì, ẹ má di fóònù mú lẹ́bàá fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà dáńfó lewu jù, nígbà tí gbogbo èèyàn ń dù láti wọlé. Ẹ dúró de òmíràn.

Ọmọ Ìbarà

Ẹ ṣé gan-an ni, Ìyá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa ti gbà láti máa sanwó láti ilé, owó díẹ̀ ló kù tí mo máa mú dání. Mo ti bá télọ̀ sọ̀rọ̀. Ohun kan ló kù: bí èmi àti àbúrò mi bá ṣìnà mọ́ra wa lọ́wọ́ ńkọ́? Kò mọ ibẹ̀ rárá.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú

Ó dára tí o bèèrè. Kí ẹ tó wọ inú ọjà, mú un lọ sí iwájú Mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe, kó wo òpó gíga rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni kí ó bọ̀ tí kò bá rí ọ, kó má sì máa wá ọ kiri inú ọjà. Tí kò bá mọ̀nà, ìyá ọlọ́jà tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ni kó bi, kì í ṣe ọ̀dọ́kùnrin tó bá ní òun fẹ́ mú un débẹ̀. Kí ẹ sì kúrò nílé láàárọ̀ kùtù, kí ẹ lè ra ohun tí ẹ fẹ́ rà kí èrò tó kún.